Kẹ̀kẹ́ Ìyá Apọ́nbẹ nínú Ọkọ̀ Ìdájí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìfúnpọ̀ ń jẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ò ní wá ohun tí ẹ máa dì mú, torí èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa gbé yín ró. Bí ẹnì kan bá sín, gbogbo yàrá ọkọ̀ ló máa bá a mì. Inú irú ọkọ̀ yìí ni Ìyá Apọ́nbẹ ti ń gbé kẹ̀kẹ́ wọ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, kẹ̀kẹ́ gidi, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó tún gbé òkúta sẹ́yìn.

Ẹ má tíì bú u, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́, á fi irin méjì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, á fi bẹ́líìtì so ó mọ́ òkúta roboto kan, á gun ìjókòó, á wá máa wa kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan. Òkúta á máa yí, iná wẹ́wẹ́ á máa ta pàrà, ọ̀bẹ tó ti kú á tún jí. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi pọ́n ọ̀bẹ fún gbogbo ìlú, kí orúnkún rẹ̀ òsì tó sọ pé òun ò ṣe mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú rédíò, tó ń sọ fún afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ kí ìjọba ṣe ìjọba.

Ibi tó ń gbé oúnjẹ wálé jù ni ilé ìránṣọ kan láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Aṣọ náà nípọn bí awọ. Ọgọ́ta ènìyàn ló ń gé e, ọgọ́ta sísọ́ọ̀sì ló wà lórí tábìlì, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ti tó láti ba ẹnu wọn jẹ́. Agogo iṣẹ́ ń dún ní aago méje àbọ̀. Bó bá ti dún, kò sí agéṣọ tó máa yọ̀ǹda sísọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyá tó bí i. Nítorí náà láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje àbọ̀ ni Ìyá Apọ́nbẹ fi ń ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú kan sí sísọ́ọ̀sì kan, kò sí àyè fún ìtàn.

Ẹni tó bá bèèrè pé kí ló dé tí kò máa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sígboro, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi í ti ọdẹ kan tó ń ṣọ́ ilé. Nígbà tilẹ̀ mọ́, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti fò lọ, ọdẹ sì ń búra pé bóyá ológbò ni. Ẹni tó bá sì ní kó máa wà á láti ilé, afárá tó wọ ìgboro kò gba kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ńlá ló ń sáré níbẹ̀ bíi pé wọ́n ń lé wọn. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló kù.

Mi ò ní pé àwọn èrò ò ní ẹ̀sùn o. Pẹ́dààlì ti ha obìnrin kan lójúgun rí. Gíríìsì ti kan ẹ̀wù funfun ọkùnrin kan tó ń lọ wá iṣẹ́, ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, Ìyá Apọ́nbẹ bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, yàrá tó kẹ́yìn ló ń wọ̀, á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ṣí mọ́, á gbé kẹ̀kẹ́ nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì dì mọ́ ọn títí wọ́n á fi dé. Àwọn tó ń wọ yàrá yẹn lójoojúmọ́ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ti ń gbé àpò kọ́ sára kẹ̀kẹ́.

Ó wá di ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ láàárín aago márùn-ún sí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ìyá Apọ́nbẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀, ọkùnrin kan tí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ta ló kọ èyí?"

"Màmá, òkè ló ti wá."

"Àwọn ará òkè yẹn, ṣé wọ́n ń wọ ọkọ̀?"

Ọ̀gá gbé fìlà sókè kúrò lójú. "Kẹ̀kẹ́ kan ń gba àyè ènìyàn mẹ́ta, Màmá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

"Ọkùnrin tó gbé tẹlifísàn wọlé lánàá ńkọ́? Èèyàn mélòó nìyẹn?"

"Wọn ò dárúkọ tẹlifísàn."

Inú bí Ìyá Apọ́nbẹ débi pé ó gbàgbé láti dágbére. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti da gbogbo ìwé náà kọ, láti òkè délẹ̀, sẹ́yìn àpòòwé kan tó bá lápò rẹ̀.

Nígbà tó délé tó ròyìn, Bàbá mi orí. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á kan kẹ̀kẹ́. Ta ló bá ìjọba jà rí tó dá a? Ọ̀gá agéṣọ nílé ìránṣọ ti ní ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ oníná ń bẹ òun fún iṣẹ́ náà. Jẹ́ kó máa ṣe é. Ìyá, o mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi ń wá ẹlòmíì kó bá a gbẹ́ ẹ," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Ó na àpòòwé sí i. "Bàbá, ẹ ka ìlà kẹsàn-án sí mi létí."

Bàbá wá awò rẹ̀, ó kà á: "Èrò kọ̀ọ̀kan lè gbé ẹrù ọwọ́ kan ṣoṣo, tí kò ga ju ìbàdí ẹni tó gbé e lọ." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri pálọ̀. "Rárá o," ló wí. Ó tún wo kẹ̀kẹ́. "Sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá ńkọ́?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tú kẹ̀kẹ́ nínú pálọ̀. Bàbá jókòó, ó di aago mú, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ṣójà. Ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. "O ti pa wá," ló wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ tú, ṣéènì á wá fúnra rẹ̀." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ti di ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rín ń jáde lẹ́nu Bàbá kó tó rántí ara rẹ̀. Ló bá yí rédíò sókè. "Èmi ò sí níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá mú ẹ, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Ọjọ́ Ajé pé. Ìyá Apọ́nbẹ dé pèpéle ibùdókọ̀ lójú ọ̀gá, ó dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀, ó tú u palẹ̀. Ọ̀gá dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo idán. Ọkọ̀ yọ. Obìnrin náà gbé ohùn sókè sí àwọn ará yàrá tó kẹ́yìn: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo?"

Kí n má parọ́, àwọn kan kọ́kọ́ wo bàtà wọn. Ẹ̀yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ti ibẹ̀ lọ síléèwòsàn nawọ́ sókè. Ó kó ohun tó wà lápò ọwọ́ rẹ̀ sápò ẹ̀wù, ó fi àpò fúnra rẹ̀ há abíyá, ó ní: "Màmá, ẹ kó ẹsẹ̀ iwájú wá." Tíṣà kan ki ìwé rẹ̀ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ikùn rẹ̀ yọ síta bí ti aboyún, ó gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó tí wọ́n dì pọ̀. Ẹlòmíì gba ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bíríkìlà kan tó ga bí òpó iná sì gbé egungun kẹ̀kẹ́. Òkúta àti irin ìdúró rẹ̀ wà nínú ápúrọ̀nù Ìyá Apọ́nbẹ fúnra rẹ̀, torí kì í fi òkúta yẹn fún ẹnì kankan gbé.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ sáré wá. Kò rí nǹkan sọ sí ti nọ́ọ̀sì, kò rí nǹkan sọ sí ti tíṣà. Ló bá dì mọ́ egungun kẹ̀kẹ́. "Èyí ga! Èyí ga ju ìbàdí lọ!"

"Ìbàdí ta ni, ọ̀gá?" ni bíríkìlà bi í. Ó gbé egungun náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ dé bẹ́líìtì rẹ̀. Ìbàdí ọ̀gá ni ì bá kọjá. Gbogbo pèpéle bú sẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ sì gbéra.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ míì ń gbàgbé ohun tó dì mú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà ń ronú ìdánwò, ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó lọ síléèwé, ó gbé e dé iwájú kíláàsì kí àwọn ọmọ tó fi ẹ̀rín sọ fún un. Ìyá Apọ́nbẹ fi àpò tí wọ́n ki èékù aṣọ sí ṣe ìjókòó lọ́jọ́ náà, kò sì wá ohun tó máa fi rọ́pò ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan, kí ló fẹ́ fọwọ́ ṣe? Ọgọ́ta sísọ́ọ̀sì ló mú kí agogo tó dún.

Lọ́jọ́bọ̀, ìlà tuntun ti wọ inú ìwé ìkìlọ̀. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́: "tàbí ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kankan." Ọ̀gá ibùdókọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ méjì. Kí bíríkìlà tó dé ni wọ́n ti kó egungun, ẹsẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ àti ìjókòó, wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí, kọ́kọ́rọ́ sì wọ àpò àyà ọ̀gá. Ìyá Apọ́nbẹ kò jà. Òkúta ṣì wà ní ápúrọ̀nù rẹ̀. Ó gbé e wọ ọkọ̀.

Nílé ìránṣọ, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bu omi sínú abọ́, ó ń fi ọwọ́ pọ́n. Ẹ bá mi wò ó, obìnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Nígbà tí agogo dún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti mú. Ọ̀gá agéṣọ ka ìyókù. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ti mọ Bàbá láti ìgbà tí òun alára ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Bí ọgọ́ta ò bá pé lọ́la kí agogo tó dún, ẹlẹ́rọ iná á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá Apọ́nbẹ kò sọ èyí fún Bàbá nígbà tó délé. Ó kàn jókòó. Bàbá ló fà á lọ́wọ́, tó rí i pé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bó. Ó wò ó títí. Ó dùn ún ju orúnkún lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ojú sì tì í, torí òun ló ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ti rédíò. Ó ní kó sọ ohun tí ọ̀gá agéṣọ wí. Nígbà tó gbọ́ tán, ó pa rédíò.

"Bó o bá jí láàárọ̀," ló wí, "jí mi."

"Kí ẹ lè ṣe kí ni? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ tí mo ní náà ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n rìn dé ibùdókọ̀, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Bàbá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ dé, gbogbo èrò tì wọlé, ó ku òun àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fi ti òsì sílẹ̀ lórí pèpéle, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni afọnfèrè wí. Kò gbọdọ̀ fọn fèrè tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá wà lórí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ò gbọdọ̀ mira láìsí fèrè.

"Mò ń wọlé, ọmọ mi. Orúnkún ni."

Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan Bàbá láti ràn án lọ́wọ́, á ké "Yéè!" débi pé onítọ̀hún á fà sẹ́yìn. Ọ̀gá ibùdókọ̀ dé, òógùn ti ń yọ lábẹ́ fìlà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń kọ gbogbo ìṣẹ́jú sínú ìwé. Òkè máa bi mí."

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé àgbàlagbà kan ń wọ ọkọ̀."

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kì í sì í ṣe ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń pariwo mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti inú lọ́hùn-ún figbe ta: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni?"

Ojú Bàbá rọ̀. "Má bínú, ọmọ mi. Wọ́n ti fẹ́ lé ìyàwó tèmi, kò sì sẹ́ni tó pariwo."

Nọ́ọ̀sì ló fọhùn: "Èmi náà ti pẹ́. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá ibùdókọ̀." Bíríkìlà ní: "Ẹ bá mi fi tèmi kún un." Ẹlòmíì yọ ṣùtì sí wọn, ó ní wèrè ni gbogbo wọn.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Èmi? Mo fẹ́ wọlé ni. Ìyàwó mi ló ń fẹ́ nǹkan."

Ìyá Apọ́nbẹ bọ́ síwájú ọ̀gá lórí pèpéle, ó na àtẹ́lẹwọ́ tó bó sí i. "Kọ́kọ́rọ́."

"Màmá, wọ́n á lé mi."

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo gbà á. Orúkọ mi, ilé mi, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yẹn. Kí wọ́n wá bá mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nínú ọkọ̀ yìí bí igi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìjókòó. Ẹ̀ ń fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta lásán, ẹ wá ní kí n máa lọ jẹ́jẹ́. Mi ò lọ jẹ́jẹ́! Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

Kò sọ "ẹ" mọ́, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ọ̀gá wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó di ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kó tó ki ọwọ́ bọ àpò àyà.

Bíríkìlà fò bọ́ sílẹ̀, ó gbé egungun àti ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wọlé tán, orúnkún Bàbá gbà pé ó lè tẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, fèrè sì dún. Ìyá Apọ́nbẹ ju kọ́kọ́rọ́ padà sí ọ̀gá láti ojú ilẹ̀kùn. "Ó dọjọ́ Ajé," ló wí.

Inú ọkọ̀ tó ń lọ ni wọ́n ti to kẹ̀kẹ́ pọ̀. Kò sí àyè láti tẹ̀ ba, nítorí náà wọ́n gbé e sókè, ọwọ́ mẹ́wàá dì í mú, Ìyá Apọ́nbẹ sì ń fi sípánà di í láti ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó pariwo lẹ́ẹ̀kan ló la àtẹ́lẹwọ́ kó àwọn nọ́ọ̀tì sí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé ilé ìránṣọ. Ogójì ìṣẹ́jú fún ọgọ́ta sísọ́ọ̀sì. Ìyá Apọ́nbẹ fẹ́ gun ìjókòó kó sì na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ wà á. Èmi á pọ́n."

Ó fara ti tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀ bí adìyẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Háà, ọwọ́ yẹn! Ọdún mẹ́fà kò mú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Á fi ẹnu irin kan òkúta, á yí i, á kan án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ìyàwó rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ bíi pé afárá ńlá ló ń gùn. Àwọn agéṣọ ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà inú wọn ń kí Bàbá.

Agogo dún. Sísọ́ọ̀sì mẹ́jọ ló kù.

Ọ̀gá agéṣọ wá dúró tì wọ́n. "Mo sọ ọ́ lánàá," ló wí.

"Ẹ sọ ọ́," ni Ìyá Apọ́nbẹ wí, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, kò dẹ́kun. "Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́."

Àwọn méje tí sísọ́ọ̀sì wọn kò tíì mú kò lọ sídìí tábìlì. Wọ́n tò síwájú òkúta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n káwọ́ gbera, bíi pé agogo kankan kò dún. Ìkẹjọ jẹ́ ti ọ̀gá agéṣọ fúnra rẹ̀. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ìlà náà, ó wo gbogbo yàrá tó ń wo òun. Ó mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó nà á kọjá lórí àwọn yòókù. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ bá mi ṣe tèmi kíákíá, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀."

Bàbá kò gbé ojú sókè. "Ṣé o ò rí àwọn tó ti wà níwájú ẹ ni? Lọ tò sẹ́yìn."

Ọ̀gá agéṣọ lọ tò sẹ́yìn ẹni keje, ó di sísọ́ọ̀sì rẹ̀ mú, ó ń retí kó kàn án.